"Ta ló ń lé e?" Ohun tí mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi nípa ìdíje kìlómítà 226 nínú òjò

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ náà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi kan ilẹ̀kùn mi n'Ígbàyè. Kò jókòó. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní: "Oníròyìn, gbọ́ ohun tí ọmọ ẹ ń sọ." Ọmọ tirẹ̀ ló ń wí o, ṣùgbọ́n tí ọmọ náà bá ti fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, èmi ló máa ń di bàbá ẹ̀.

Ọmọ náà ti lò tó ọdún mẹ́rin n'Ílùú Ọba. Ohùn tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò gùn: "Màámi, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ bá mi gbàdúrà lọ́jọ́ Sunday. Mo fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lójú òkun, kí n gun kẹ̀kẹ́, kí n sì sáré, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní òjò máa rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fòyà."

Ìbéèrè kan ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí: "Ta ló ń lé e?"

Láti ìgbà tí mo ti jáde ní poli ni mo ti ń kọ ìròyìn eré ìdárayá mọ́ ìròyìn ìlú, bọ́ọ̀lù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò tíì jókòó rí kí n ṣàlàyé irú ìdíje báyìí fún ìyá ẹni tó fẹ́ lọ ṣe é. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà, àti èyí tí mo padà lọ wádìí kún un, ni mò ń kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ní ọmọ l'Óyìnbó.

Triathlon ni wọ́n ń pè é. Ìdíje alápá mẹ́ta ni: èèyàn á lúwẹ̀ẹ́, á gun kẹ̀kẹ́, á sì sáré, kò sí ìsinmi láàárín. Aago ò dúró de ẹni tó ń pààrọ̀ bàtà. Oríṣiríṣi ló wà. Ti Olympic kúrú: kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́, 10 lórí ẹsẹ̀. Èyí tí ọmọ wa fẹ́ lọ ni gígùn ńlá: 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, 42 àti díẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀, ó tó 226.

Kìlómítà ò sọ nǹkan kan létí ẹ̀gbọ́n mi, nítorí náà mo fi ọ̀nà tiwa ṣe é. Omi yẹn, bíi pápá bọ́ọ̀lù 38 tí wọ́n tò síwájú ara wọn, kí èèyàn máa fi apá wọ́ ara rẹ̀ láti ẹnu góòlù àkọ́kọ́ títí dé ti ìkẹyìn. Kẹ̀kẹ́ yẹn, bí ẹni gbéra l'Óṣogbo tó wà á dé Ìbàdàn, tí kò dúró jẹ àmàlà, tó tún yíjú padà sí Òṣogbo. Eré sísá tó kù, bí ẹni ti Ìkìrun sáré dé Òṣogbo tó sì tún sáré padà wá sílé.

"Lọ́jọ́ kan náà?"

Lọ́jọ́ kan náà. Wákàtí 17 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, láti ìdájí títí di ọ̀gànjọ́ òru. Tí wákàtí 2 àti 20 ìṣẹ́jú bá pé tó ò tíì jáde nínú omi, wọ́n á ní kó o máa lọ sílé.

Ó ní ẹni tó dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣé orí ẹ̀ pé? Orí ẹ̀ pé. John Collins lorúkọ rẹ̀, ọ̀gá ni nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, erékùṣù Oahu ní Hawaii ló sì wà nígbà náà. Àríyànjiyàn ló bí i, irú èyí tí àwọn ọkùnrin máa ń ṣe nídìí ọtí: ta ló lágbára jù, asáré ni àbí òmùwẹ̀, àbí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́? Collins mú ìdíje mẹ́ta tó ti wà ní erékùṣù yẹn tẹ́lẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ni àwọn á máa pè ní Ọkùnrin Irin, ìyẹn Ironman. Ní 18 February 1978, èèyàn 15 bẹ̀rẹ̀, 12 parí. Gordon Haller, tó ń wa takisí, ló gba ipò kìíní ní wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46. Ẹni tó tẹ̀ lé e, John Dunbar, omi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a gbé e lọ́nà, bíà ni wọ́n bá ń bu fún un mu. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín níbí yìí, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà.

Ọdún kejì ni ojú ọjọ́ kọ́kọ́ fi ara hàn. Ìjì jà, òkun ru, wọ́n sún ìdíje náà láti Saturday sí Sunday, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ dán an wò sì yẹra. Àwọn 15 péré ló tún bẹ̀rẹ̀. Tom Warren ló borí; Lyn Lemaire sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó parí rẹ̀. Àwọn 15 yìí ì bá ti di ìtàn ìgbàgbé, àfi bí oníròyìn kan, Barry McDermott ti ìwé ìròyìn Sports Illustrated, tó wá sí Hawaii nítorí gọ́ọ̀fù, ṣe gbọ́ nípa wọn tó sì kọ ọ́ ní ojú ewé bíi mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà láti ibi gbogbo. Mo sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀yin oníròyìn náà ló fà á nìyẹn."

Nígbà tó yá, ó bi mí ní ohun tó dùn ún gan-an. Òjò. Kí ni òjò lè ṣe fún ọmọ òun?

Mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa omi tútù, torí òjò ò tíì ṣe nǹkan kan fún ẹni tó wà nínú òkun. Omi máa ń fa ooru kúrò lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ti ń ṣe lọ. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè jókòó síta nínú ọyẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá da omi ìdájí ọyẹ́ sí i lára, á pariwo. Ariwo yẹn gan-an ni ewu. Bí omi tútù bá bá awọ ara lójijì, àyà á fa èémí wọlé fúnra rẹ̀, èèyàn ò ní àṣẹ lórí ẹ̀. Tí ẹnu bá wà nísàlẹ̀ omi nígbà náà, omi ló máa fà wọlé. Òmùwẹ̀ tó mọ omi dáadáa lè kú ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń wọ aṣọ rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ara látọrùn dé kókósẹ̀, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì máa ń kọ́kọ́ bu omi sójú àti sínú aṣọ kí wọ́n tó wọlé. Àwọn aláṣẹ ìdíje á ti wọn ìgbóná omi láàárọ̀ náà. Tó bá tutù jù, wọ́n á gé e kúrú tàbí kí wọ́n fagi lé e. Tó bá sì gbóná ju ìwọ̀n kan lọ, wọ́n á fòfin de aṣọ rọ́bà náà, torí ooru á pa èèyàn nínú ẹ̀.

Àwọn kan wà tí òtútù yìí ló ń fà wọ́n. Ìdíje kan wà ní Norway tó ń jẹ́ Norseman, láti ọdún 2003. Orí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti máa ń fò sínú omi Hardanger ní ìdájí, orí òkè Gaustatoppen tó ga tó mítà 1,883 ni wọ́n sì máa ń parí sí. Àwọn 160 àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń jẹ́ kó gun orí òkè, wọ́n á fún wọn ní ẹ̀wù dúdú. Àwọn tó kù, ẹ̀wù funfun ni tiwọn. Mi ò sọ ti Norway fún ẹ̀gbọ́n mi.

Lórí kẹ̀kẹ́ ni òjò ti ń rí ọwọ́ nà. Ẹni tó ń lọ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan ti dá atẹ́gùn tirẹ̀ sílẹ̀, kódà bí ewé ò bá mì. Tí aṣọ bá wá tutù rinrin sí i lára, atẹ́gùn yẹn á máa jí ooru rẹ̀ kó lọ. Ara ọmọ èèyàn fẹ́ wà ní nǹkan bíi dígíríì 37. Bó bá ṣe ń já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò níka ọwọ́ àti ẹsẹ̀, á lọ dáàbò bo ọkàn àti ọpọlọ. Ìyẹn dáa fún ọkàn, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ yẹn ló ń fún bíréèkì. Ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, táyà tutù, o ní kí ìka fún bíréèkì, ìka ò dáhùn. Bí ara bá wálẹ̀ ju 35 lọ, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu rẹ̀, á máa sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Tí ẹni tó ti ń gbọ̀n bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìtíì móoru, kì í ṣe pé ó ti sàn o, ewu ti pọ̀ sí i ni.

Ti ojú ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà wa l'Ókùkù lè kọ́ wọn. Ẹ bi ọlọ́kadà èyíkéyìí, á sọ fún un yín pé òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀dá ló ń gbé èèyàn ṣubú jù, torí ọ́ìlì mọ́tò tó ti ń kán sílẹ̀ látọjọ́ yìí á léfòó sójú ọ̀dà. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń ya ìlà sójú títì náà ń yọ̀ bíi ilá. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò máa ń dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù díẹ̀ kó lè gbá ilẹ̀ mú, wọn kì í sì í yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti bíréèkì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rántí Paris lọ́dún 2024. Ìdíje àwọn ọkùnrin tó yẹ kó wáyé ní 30 July, wọ́n sún un di ọjọ́ kejì, torí òjò tó ti rọ̀ ní ìlú náà ti gbá ìdọ̀tí gọ́tà àti ilé ìgbẹ́ wọnú odò Seine. Nígbà tí àwọn obìnrin wá díje láàárọ̀ 31 July, òjò ti rẹ ojú títì, a sì rí àwọn mélòó kan tó fẹ̀gbẹ́ gbálẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Cassandre Beaugrand, ọmọ Faransé, ló borí.

Owó tabua ni wọ́n ná láti fọ odò Seine, síbẹ̀ òjò ọjọ́ díẹ̀ bà á jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ odò Ọ̀ṣun láyé àtijọ́, tí ẹ wá ń wo àwọ̀ tí àwọn awakùsà sọ ọ́ dà báyìí, ẹ mọ̀ pé odò ò nílò òjò kó tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá ṣe pé ilé ló ti ń ṣe é ni, ó kéré tán òtútù ò ní pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oòrùn ń bẹ. Ní February 1982 ní Hawaii, ọmọ iléèwé gíga kan tó ń jẹ́ Julie Moss ló ṣíwájú gbogbo obìnrin, ó kù díẹ̀ kó parí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Kathleen McCartney kọjá lára rẹ̀, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 29 borí. Moss rá kòrò dé ìlà, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e káàkiri ayé. Ní Cozumel ní Mẹ́síkò, September 2016, Jonny Brownlee ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà níwájú nígbà tí ooru mú un tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alistair fa apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó gbé e dé ìparí, ó sì tì í síwájú kó lè gba ipò kejì. Henri Schoeman, ọmọ South Africa, ló ti kọjá lọ gba ipò kìíní.

Òógùn ló ń tu ara nínú ooru, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá gbẹ lára nìkan ló ń tuni. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi bí ti Èkó, òógùn á kàn máa ṣàn wálẹ̀ lásán ni. Bí ìgbóná inú ara bá ti ń kọjá 40, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Ohun tó ya ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu jù nínú gbogbo àlàyé mi ni pé omi mímu náà lè pani. Ẹni tó bá ń làágùn fún wákàtí mẹ́wàá, iyọ̀ ń bá òógùn rẹ̀ jáde. Tó bá wá ń fi omi lásán rọ́ ikùn ju èyí tó ń làágùn lọ, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á ṣàn jù, ọpọlọ á wú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mu omi oníyọ̀, tí wọ́n sì ń mu ún níwọ̀n.

Níbí, a ò tíì sún mọ́ 226. Àwọn tí mo lè fi ṣe àpèjúwe ni àwọn tó ń sáré Lagos City Marathon láti 2016, kìlómítà 42 nínú ooru February, àti eré kìlómítà 10 ti Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Ẹdó láti 2013. Ní March 2024, Akinrodoye Samuel lúwẹ̀ẹ́ gba abẹ́ Third Mainland Bridge kọjá, ó lé ní kìlómítà 11, kó lè pe àkíyèsí sí ìlera ọpọlọ. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta omi tí ọmọ wa fẹ́ wẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe pé a ò ní agbára. Kẹ̀kẹ́ kan tó ṣeé fi díje lè wọ́n ju ọ̀kadà tuntun lọ, ta ló sì máa gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méje lójú ọ̀nà tí tírélà ń gbà?

Ọjọ́ Sunday dé. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago wọn àti tiwa máa ń bára mu, nítorí náà aago méje àárọ̀ wọn ní Wales ni aago méje wa n'Ígbàyè. Ẹ̀gbọ́n mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní Ọlọ́run á yé e. Ọmọ náà ti fi áàpù kan ránṣẹ́ sí mi tó ń fi àmì pupa kan hàn lórí máàpù, òun ni àmì yẹn. Ṣípù kékeré kan ló wà ní kókósẹ̀ rẹ̀ tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó jáde nínú omi ní aago mẹ́jọ àbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jó. Lẹ́yìn ìyẹn àmì náà ń rọra lọ káàkiri òkè àti ìlú kéékèèké tí mi ò lè pe orúkọ wọn. Mo wo ojú ọjọ́ ibẹ̀ lórí fóònù: dígíríì 12, òjò, atẹ́gùn. N'Ígbàyè, oòrùn ń pa adìẹ.

Nígbà tó di bí aago kan ọ̀sán, àmì náà dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún. Ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí pé ṣé nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Irọ́ kọ́ pátápátá. Ṣípù yẹn kì í sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, àfi tí ẹni tó so ó bá kọjá lórí ẹní pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà níbi mélòó kan. Láàárín ẹní kan sí èkejì, áàpù ń méfò ni: ó ń wo bó ṣe ń yára bọ̀, ó ń gbé àmì náà síbi tó rò pé ó yẹ kó dé. Tí àmì bá dé ibi ẹní tó kàn, tí ẹni náà ò tíì tẹ̀ ẹ́, á dúró síbẹ̀ máa retí. Èmi náà sì mọ̀ pé tí ó bá ti lé ní ìṣẹ́jú 40, ẹni náà ti dúró síbì kan. Ó lè jẹ́ táyà ló jò. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé kí n má bàa wo ojú ẹ̀gbọ́n mi.

Aago mẹ́ta kọjá kí ó tó pè. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ohùn arúgbó. "Àǹkù, mo ti kúrò nínú ẹ̀." Ó ku bíi kìlómítà 60 lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní níbi tí òkè kan ti ń sọ̀ kalẹ̀, òun fún bíréèkì, òun ò sì mọ̀ bóyá òun ti fún un tàbí òun ò tíì fún un. Òun sọ̀ kalẹ̀, òun fẹsẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀. Obìnrin kan tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn bi òun ní orúkọ òun, ó pẹ́ kí òun tó rí i sọ. Obìnrin náà ló pe àwọn oníṣègùn ìdíje, wọ́n bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, wọ́n fi bébà fàdákà àti kúbùsù wé e, wọ́n fún un ní tíì aládùn. Ó ní nígbà tí ara òun bẹ̀rẹ̀ sí í móoru lòun tó sunkún, kì í ṣe nítorí ìrora, owó àti oṣù mẹ́sàn-án tí òun fi múra sílẹ̀ ni.

Mo gbé fóònù fún màmá rẹ̀. Kò bá a wí. Ó kì í, ó kì í títí, oríkì bàbá tó bí bàbá ẹ̀, títí ọmọ náà fi dákẹ́ lódì kejì. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè bóyá wọ́n á dá owó ẹ̀ padà. Wọn kì í dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Ó ti ra ìbọ̀wọ́ tí omi kì í wọ̀, ó ti ra ẹ̀wù òjò tó fúnra mọ́ra, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ti ọdún tó ń bọ̀, ibì kan náà, oṣù kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ka ohun tí mo ń kọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà Òkukù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà láàárín wa.